Ṣé kí n gé ibi tí mo ti gbàgbé orin? Ọ̀rọ̀ lórí àwo tí Ella Fitzgerald ṣe ní Berlin

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olórin ni mí, ọmọ ọdún 27, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Èmi àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń tẹ píánò, béèsì àti ìlù fún mi fẹ́ ṣe àwo tí a máa gbà sílẹ̀ lójú agbo, orin jáàsì àtijọ́ nìkan ló máa wà níbẹ̀. A dán an wò lóṣù tó kọjá, mo sì gbàgbé ẹsẹ kejì 'Misty' pátápátá. Ṣe ni mo ń kùn ún sínú imú títí mo fi rí ọ̀nà padà. Ẹni tó bá wa gba ohùn sílẹ̀ ní òun máa gé ibẹ̀ kúrò, pé kò ní hàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kó gé e, pé Ella Fitzgerald, olórin jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà yẹn, náà gbàgbé ọ̀rọ̀ 'Mack the Knife' ní Berlin, wọ́n sì fún un ní Grammy nítorí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá ní kí ni mo tilẹ̀ ń fi orin olórin ṣe, pé ẹni tí kò bá ní tirẹ̀ ló ń kọ ti ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ìbéèrè rẹ, ìdí sì nìyẹn tó fi ń dà ọ́ láàmú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń bi ọ́ pé orin ta ni. Ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ ti àṣìkọ. Ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ ń sọ ti ọ̀bẹ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gba ohùn olórin sílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní òtẹ́ẹ̀lì, lábẹ́ kánópì níbi òde ìnáwó, mo sì ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwọ lo kọ́kọ́ kó wọn lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ bẹ̀rẹ̀, nítorí tirẹ̀ ló dùn mí jù.

Orin mẹ́sàn-án ló wà lórí àwo tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1960. Kò sí ọ̀kan tí Ella fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ nínú wọn. "Summertime", "The Man I Love" àti "Lorelei", George Gershwin ló ni ohùn wọn. Cole Porter ló ni "Too Darn Hot". Ọwọ́ Rodgers àti Hart ni "The Lady Is a Tramp" ti wá. "Misty" tó dà ọ́ láàmú yẹn, Erroll Garner tó ń tẹ píánò ló dá ohùn rẹ̀ sílẹ̀, Johnny Burke ló wá fi ọ̀rọ̀ sí i. "How High the Moon" jáde láti inú eré orí ìtàgé kan ní New York ní 1940. "Mack the Knife" gan-an, ọmọ Berlin ni: Kurt Weill ló ṣe ohùn rẹ̀, Bertolt Brecht ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè Jámánì, fún eré kan tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìlú náà ní 1928. Lásìkò yẹn ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ẹni tó ń dá orin sílẹ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹni tó ń kọ ọ́ lẹ́nu, bí iṣẹ́ ahunṣọ ṣe yàtọ̀ sí ti aránṣọ. Kò sí ẹni tó ń bi aránṣọ pé kí ló dé tí kò fi hun aṣọ tó ń rán. Láti 1956 ni Ella ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe odidi àwo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn adárinsílẹ̀ wọ̀nyí, Norman Granz tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá a gbé e jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ àwo Verve: ti Porter, ti Rodgers àti Hart, ti Duke Ellington, ti Irving Berlin, ti Gershwin. Nígbà tó fi máa dé Berlin, orin olórin ti di ilé tó mọ gbogbo yàrá inú rẹ̀ lókùnkùn.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, bí apohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ Oníkòyí lójú agbo, ta ló máa dá a dúró pé ṣé òun ló dá oríkì yẹn sílẹ̀? Tèwe tàgbà ló ti gbọ́ ọ rí. Ohun tí à ń dúró dè ni ibi tó máa gbà wọlé, orúkọ ẹni tó máa fi há a láàárín, ibi tó máa ti mí, ibi tó ti máa yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà tí a rò pé ó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onijáàsì ṣe ń lo àwọn orin tí wọ́n ń pè ní stándáàdì. Orin tí gbogbo wọn mọ̀ ni, débi pé olórin méjì tí wọn ò rí ara wọn rí lè pàdé lálẹ́ kan, kí wọ́n dárúkọ orin, kí wọ́n dárúkọ kíì, ìyẹn ibi gíga tí ohùn orin máa dúró lé, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí. Mo ti gba ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin kan sílẹ̀ rí tó kọ "Summertime" bí ẹni tó ń da ìwé kọ: ibi tí ẹni tó ń fara wé ti mí lórí àwo, ibẹ̀ lòun náà ti mí. Ohùn rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń kọ ọ́ ni mo ń ronú pé àwo tòótọ́ wà nílé mi, kí ni mo wá ṣe níbí? Bí ìyẹn bá jẹ́ ohun tí ìwọ náà fẹ́ ṣe, a jẹ́ pé òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ. Bí o bá fẹ́ àpẹẹrẹ òdìkejì rẹ̀, wá èyí tí John Coltrane, afọnsàsófóònù jáàsì, ṣe ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 1967 ní Harlem, ní ilé àṣà tí Babatunde Olatunji, ọmọ wa láti Àjídò lẹ́bàá Badagry, dá sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí Coltrane fọn lọ́jọ́ náà ni "My Favorite Things", orin kékeré kan láti inú eré orí ìtàgé òyìnbó kan tó jáde ní 1959. Ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi wà lórí rẹ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò dán rárá, ó ń ya, ó ń hó, kò tilẹ̀ jáde fún gbogbo ayé títí di 2001. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn alẹ́ yẹn tí Coltrane kú. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá gbọ́ ọ tán tó ṣì ní orin ẹlòmíràn ni ọkùnrin yẹn fọn, kó wá bá mi jà.

Ó di ti Berlin. Ọjọ́ 13 oṣù kejì 1960 ni, nínú gbọ̀ngàn ràgàjì kan tó ń jẹ́ Deutschlandhalle, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, nígbà tí wọn ò tíì mọ ògiri tó pín in sí méjì. Ọkùnrin mẹ́rin ló wà lẹ́yìn Ella: Paul Smith ní ìdí píánò, Jim Hall lórí gìtá, Wilfred Middlebrooks lórí béèsì, Gus Johnson ní ìdí ìlù. Ella ti pé ọmọ ọdún 42. Láti 1934 tó ti lọ díje ní gbọ̀ngàn Apollo ní Harlem ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ijó ló bá lọ, orin ló padà kọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀ "Mack the Knife" lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún àwọn èrò pé òun ò tíì gbọ́ kí obìnrin kọ orin yìí, pé nítorí pé ó ń lọ lọ́wọ́ làwọn ṣe fẹ́ dán an wò, pé àwọn sì ń retí pé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ á wá sọ́kàn. Ẹ̀yin náà ẹ rí i: ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ tẹ́lẹ̀.

Wò ó, ó yẹ kí o mọ irú orin tí "Mack the Knife" jẹ́, kí o lè mọ ìdí tó fi rọrùn láti gbàgbé. Kò ní ègbè. Irú orin tí àwọn olórin ìta máa ń fi ròyìn apànìyàn nílùú òyìnbó nígbà kan ni: ẹsẹ lé ẹsẹ, orúkọ lé orúkọ, ẹni tí wọ́n pa, ibi tí wọ́n ti pa á. Ìdì ìlù mẹ́rin-mẹ́rin tí à ń pè ní báà, 16 péré ló wà nínú ẹsẹ kan, bí ó bá parí, ohùn kan náà ló tún máa bẹ̀rẹ̀. Orin tó bá ní ègbè máa ń fún olórin láyè láti sá lọ sílé kó lọ mí. Èyí kò ní ilé. Bí ẹsẹ kan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kò sí ohun tó máa rán ọ létí èyí tó kàn, nítorí gbogbo wọn ló jọra. Ella àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tún fi ata sí i: bí ẹsẹ bá ti ń yí, wọ́n ń gbé kíì sókè díẹ̀ sí i.

Àárín ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Tẹ́tí sí i dáadáa, má fi ẹ̀rín gbọ́ ọ. Kò dúró. Ó fi ohùn orin náà béèrè pé kí ló kàn báyìí, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ orin tó ń yọ̀ tó sì ń tà ni, làwọn ṣe gbìyànjú rẹ̀. Ó mú orúkọ ènìyàn kan tó rántí, ó ju sílẹ̀, ó ní nǹkan kan nípa owó. Ó dárúkọ Bobby Darin àti Louis Armstrong tí wọ́n ti ṣe àwo orin náà ṣáájú òun, ó wá fi "record", ọ̀rọ̀ òyìnbó fún àwo, dápàárá mọ́ "wreck", ọ̀rọ̀ òyìnbó fún ohun tó fọ́ yángá, pé ohun tí Ella àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ń ṣe nìyẹn. Nígbà tó yá, ó sọ ohùn di gbàràgbàrà bíi ti Armstrong, ọkùnrin tí wọ́n ti jọ ṣe àwo ní 1956 àti 1957, tó mọ bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń dún. Ní gbogbo àkókò yìí, Gus Johnson kò mi, Paul Smith kò wo ẹ̀yìn, kíì ń gòkè bí wọ́n ṣe tò ó, gbólóhùn tí Ella ń dá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sì ń balẹ̀ síbi tó yẹ kí gbólóhùn balẹ̀ sí nínú báà 16 náà. Ọ̀rọ̀ ló sọ nù. Ọ̀nà kò sọ nù.

Ìgbà tí wọ́n fún un ní Grammy ní 1961, méjì ni, ọ̀kan fún orin yẹn, ọ̀kan fún odidi àwo náà. Nítorí náà ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́. Ibi tó ti ṣì í ni "nítorí ẹ̀" yẹn. Bí o bá jẹ́ kí àwo náà máa lọ lẹ́yìn "Mack the Knife", orin tó tẹ̀ lé e ni "How High the Moon". Níbẹ̀, Ella ò gbàgbé nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ orin náà, ó wá fi tinútinú dá ọ̀rọ̀ mìíràn sí i, ó tilẹ̀ kọ ọ́ lórin pé ọ̀rọ̀ òun lè má tọ̀nà, lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ nù pátápátá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìró ẹnu lásán ṣe bí fèrè, èyí tí wọ́n ń pè ní skáàtì. Ó mú "Ornithology" tí Charlie Parker, afọnsàsófóònù, àti Benny Harris dá sílẹ̀ lórí egungun orin yìí kan náà, ó já ewé díẹ̀díẹ̀ láti orí orin tó pọ̀ wọ inú rẹ̀, bí ó ṣe ń sún mọ́ ìparí ó mú orin kan tó ń sọ nípa èéfín tó ń wọ ojú, ó yí èéfín padà sí òógùn, nítorí òógùn ti bò ó lóòótọ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú méje ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nínú orin kejì ni ohun tó yọ ọ́ nínú orin àkọ́kọ́. Ọgbọ́n kan náà ni. Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré ni wọ́n ń rò pé oríire ni.

Òun nìkan kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Sarah Vaughan, olórin jáàsì mìíràn, ṣe tirẹ̀ ní ilé ijó kan tó ń jẹ́ Mister Kelly's ní Chicago, oṣù kẹjọ 1957, òun àti Jimmy Jones ní ìdí píánò, Richard Davis lórí béèsì àti Roy Haynes ní ìdí ìlù. Lórí "Willow Weep for Me", nǹkan kan já lulẹ̀ gbì, ọ̀nà dà rú mọ́ ọn lójú, ó sì fi orin sọ ọ́ fún àwọn èrò pé òun ti ba orin yìí jẹ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí àwo. Bí o bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́, èyí ni mo fẹ́ kí o gbọ́ ju ti Ella lọ, nítorí pé òun àti ènìyàn mẹ́ta ni, yàrá kékeré ni, bíi tìrẹ. Gbọ́ bí píánò ṣe ń dúró dè é.

Wàyí o, "Misty" tìrẹ. N ò tíì gbọ́ ohun tí ẹ gbà sílẹ̀, nítorí náà n ò lè dá a lẹ́jọ́. Àmọ́ mo mọ ibi tó ṣeé ṣe kó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Báà 32 ni orin yẹn, wọ́n pín in sí mẹ́rin, ohùn ìpín kìíní, ìkejì àti ìkẹrin sì jẹ́ ọ̀kan náà, ìkẹta nìkan ló yàtọ̀. Ìyẹn ni pé ohùn kan ṣoṣo ló ń gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ohùn náà bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa sáré wá sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá há ara wọn. Pàápàá tó bá jẹ́ pé àtilẹ̀bá lo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá ń dán orin wò: ìpín kìíní ti gún wọ ẹ̀jẹ̀, ìkejì ṣì wà lórí ahọ́n. Ka ọ̀rọ̀ náà láìsí ohùn, bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, nígbà tí o bá ń fọ abọ́. Bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìpín kejì fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ní ti fóònù tí àwọn olórin ìsinsìnyí ń gbé síwájú lórí igi kí wọ́n lè máa kà, mo kórìíra rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ojú ló máa ń fà wálẹ̀, ojú tó bá sì wálẹ̀ á fa ohùn tẹ̀ lé ara rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú ohùn pé ẹni yìí ń kàwé.

Kí o tó pinnu, gbọ́ ohun tí ẹ gbà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kí o sì máa gbọ́ ẹlòmíràn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́ gbọ́ onílù: ṣé ọwọ́ rẹ̀ yí padà nígbà tí o gbàgbé? Lẹ́yìn náà gbọ́ píánò: ṣé ó mọ ibi tí o wà, àbí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ kiri? Ní ìkẹta, gbọ́ àwọn èrò. Bí wọ́n bá dákẹ́ bí ẹni tí ìtìjú ń mú nítorí rẹ, wàá gbọ́ ọ, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ní ìró tirẹ̀. Bí ìlù bá dúró, tí píánò mọ ọ̀nà, tí o sì padà wọlé síbi tó yẹ kí o wọlé, kíkùn yẹn ti di ara orin, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí gbogbo yín bá jọ ṣìnà, orin yẹn kò yẹ lórí àwo, ì báà jẹ́ Ella ló kọ ọ́. Inú méjì ni mo ní sí ohun tó wà láàárín méjèèjì, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni tìrẹ máa bọ́ sí.

Ní ti ẹni tó ní kò ní hàn, jẹ́ kí n sọ ìtàn ara mi fún ọ. Ó ti lé ní ogún ọdún. Mo ń gba ohùn obìnrin kan sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní erékùṣù Èkó. Nínú orin kẹta, ẹsẹ kejì fò lọ lórí rẹ̀. Kò mi, ó kọ ọ́ sínú máíkì, lórí ìlù, pé owó ilé tí òun ń rò ló gbé ọ̀rọ̀ orin lọ. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin kan níwájú kígbe pé òun náà jẹ onílé òun. Nígbà tí mo délé, mo da ẹsẹ kìíní kọ, mo fi lé ibẹ̀, mo tò ó títí ó fi jọ pé ojú kan ni. Orí mi wú. Mo wá pe onílù kó wá gbọ́. Ó gbọ́ ọ dé ibẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń rín?" Ẹ̀rín àwọn èrò ti jò wọ inú máíkì ìlù, kò sí bí mo ṣe lè yọ ọ́ láìyọ ìlù. Ẹ̀rín wà níbẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ń rín ni kò sí mọ́. Obìnrin náà gbọ́ ọ, ó dorí kodò, ó ní ṣe ló dà bíi pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n dá a padà sí bó ṣe wà. Mo ti pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́ nítorí pé àyè ti ń tán nínú kọ̀ǹpútà. Bí orin náà ṣe bọ́ kúrò lórí àwo rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì dùn jù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn ni pé àwo tí a gbà lójú agbo kì í ṣe ohùn olórin nìkan. Ohùn rẹ wà nínú máíkì píánò, ìlù wà nínú máíkì rẹ, èrò wà nínú gbogbo wọn. Bí o bá lọ tún ohùn rẹ kọ ní situdíò lé e lórí, èyí àtijọ́ á ṣì máa kọrin lábẹ́lẹ̀ nínú máíkì ìlù bí òkú tí wọn ò sin tán. Bí o bá fẹ́ gé ẹsẹ kan láti alẹ́ mìíràn lẹ̀ mọ́ ọn, ìlù yín kò ní sáré bákan náà lálẹ́ méjèèjì. Àwọn ẹ̀rọ òde òní lè ṣe ohun tó pọ̀ ju ti ìgbà tèmi lọ, mo gbà, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sì máa ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà lórí ẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tó bá sọ pé kò ní hàn rárá, bi í pé ta ni kò ní hàn sí.

Kì í sì í ṣe pé àwọn ńlá kò gé rí. Duke Ellington àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ lọ ṣeré níbi àjọ̀dún jáàsì Newport ní Amẹ́ríkà ní oṣù keje 1956. Paul Gonsalves fọn sàsófóònù yípo 27 nínú orin kan ṣoṣo, agbo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè, ṣùgbọ́n máíkì tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo ló kọjú sí, ti rédíò Voice of America ni. Wọ́n sì lọ tún apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ alẹ́ náà ṣe ní situdíò, wọ́n da àtẹ́wọ́ lé e lórí, wọ́n tà á fáyé bíi ti Newport. Ó di 1999 kí wọ́n tó rí téèpù rédíò náà lò, tí wọ́n sì gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an jáde. Àwo àkọ́kọ́ yẹn tà gan-an ni, n ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1999 ni mo máa ń gbé sí i nílé.

Ọ̀nà tó mọ́ ju gígé lọ wà. Ẹ ṣeré alẹ́ méjì, tàbí ọ̀sán àti alẹ́, lójú èrò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ orin kan náà, kí ẹ sì mú odidi orin láti ibi tó bá ti dùn jù. Odidi ni mo wí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé àtẹ́wọ́. Owó rẹ̀ pọ̀ ju alẹ́ kan lọ, mo mọ̀, ìyẹn ni wàhálà rẹ̀. Bí owó kò bá gbé e, ẹ kọ "Misty" lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ kan náà, kí o sọ fún àwọn èrò ìdí rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ò ní bínú sí ẹni tó ní kí àwọn tún orin gbọ́.

Ohun kan tí ẹ ò mẹ́nu bà rárá, ìwọ, ọ̀rẹ́ rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, ni àṣẹ. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó dá orin sílẹ̀ bá kú, lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tí Nàìjíríà ṣe ní 2022, ó tún ku 70 ọdún kí orin rẹ̀ tó di ti gbogbo ayé. Burke kú ní 1964, Garner kú ní 1977, nítorí náà "Misty" ṣì ní olówó. Weill kú ní 1950, tirẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ Brecht kú ní 1956, Marc Blitzstein tó yí ọ̀rọ̀ náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kú ní 1964. Ohùn orin lè ti dòmìnira kí ọ̀rọ̀ orin ṣì wà nígbèkùn. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tó ni orin ní Nàìjíríà, kí o mú àkọsílẹ̀ gbogbo orin tí ẹ máa kọ dání pẹ̀lú orúkọ àwọn tó dá a sílẹ̀, kí o sì lọ kí ẹ tó gba ohun kankan sílẹ̀. Mo ti rí àwo tó ti parí, tí wọ́n ti ya fọ́tò iwájú rẹ̀, tó wá jókòó sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún méjì nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún máa ṣeré, ní kí wọ́n gbé máíkì méjì kọjú sí èrò, kí wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́tọ̀. Sọ fún onípíánò rẹ pé bí o bá ṣìnà, kó má wo ojú rẹ, kó máa lọ, ìwọ lo máa wá a rí. Ẹ fi "Misty" sí àárín, ẹ má fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara rẹ ò tíì gbóná. Kí o sì fi èyí tí ẹ gbà lóṣù tó kọjá ránṣẹ́ sí mi kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀bẹ kàn án, odidi rẹ̀, kì í ṣe ibi tó dùn nìkan. Kíkùn yẹn ni mo fẹ́ gbọ́.